Fíìmù Tí Wọ́n Gbà ní Ìdógò ní Okpomèta

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ fóònù pọtábù rẹ̀, kó yáa tẹ̀ ẹ́ tán, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnì kan. Ẹ ní kí ló dé tí n kì í bá yín wo sinimá inú ọwọ́ yín yẹn, ẹ ní bóyá ojú mi ò ríran mọ́. Ojú mi ríran. Mo rí ẹni tó mú ẹran kúrò nínú ọbẹ̀ mi lánàá, n kò kàn fẹ́ dárúkọ ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé sinimá tiyín ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Tiwa kò lè sọ̀rọ̀, àwa la máa ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ rí Kétu yìí bó ṣe rí lónìí, tí iná ń tàn lójú títì, tí alùpùpù zẹmijàn ń gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́kùnrin, àsíá Faransé ti sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò tíì mọ ọ̀nà ilé wa. Bí oòrùn bá ti wọ̀, odó àti ọmọ odó ni èèyàn ń gbọ́, àti ewúrẹ́ tó ń wá ọmọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Akàmbí. Agbo ilé kan náà la ti dàgbà. Awakọ̀ ni fún oníṣòwò kan ní Pọ́bẹ̀, tó ní gbọ̀ngàn sinimá lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ dé, tí àwọn ará Pọ́bẹ̀ kò fẹ́ wo èyí tó yadi mọ́, oníṣòwò náà ní kí wọ́n kó àwọn ti àtijọ́ dà sẹ́yìnkùlé. Akàmbí ní kí wọ́n má dà á nù. Ó kó wọn sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ti gbó, ó gbé wọn wá sílé.

A rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Àṣé ebi nǹkan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pa á ni. Bó bá gbọ́ pé ẹnì kan ní Àjàṣẹ́, ní Sakété, tàbí ní Ìmẹ̀kọ lọ́hùn-ún lókè ààlà, ní fíìmù àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wò mọ́, ó di dandan kó lọ. Inú agolo pẹrẹsẹ bí ìdérí ìkòkò ni wọ́n máa ń wà. A kò mọ orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ẹni tó mọ ìwé Faransé nínú wa wò ó títí, ó ní kì í ṣe Faransé. Òmíràn wà tí lẹ́tà ara rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ adìẹ nínú ẹrẹ̀. Kò kan Akàmbí. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bèèrè: ṣé ẹnì kan rìnrìn àjò nínú rẹ̀? Fíìmù tí èèyàn inú rẹ̀ kò bá kúrò nílé, kì í gbà á. Ó ní, "Èmi náà lè jókòó sílé mi." Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi nínú ìjì, àwọn tó sọnù ní aṣálẹ̀, àwọn tó ń lé olè lórí òrùlé, ìwọ̀nyẹn ló ń fẹ́. Ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, Akàmbí sì fẹ́ kí gbogbo Kétu rí i.

Báyìí la ṣe di oní-sinimá. Èmi ni mo ń tọ́jú gúrúpù tó ń fún wa níná. Gúrúpù yẹn ní ìwà bí ìyàwó àgbà. Ó máa ń wúkọ́, á dákẹ́, á tún wúkọ́, títí tí èèyàn á fi bẹ̀ ẹ́. Bó bá wá gbà, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí dún tàkàtàkàtàkà, ìmọ́lẹ̀ á na ọwọ́ sí aṣọ funfun tí a ta sáàárín igi méjì. Àwọn kòkòrò á dé kí èèyàn tó dé. Nígbà ọdún iṣu, ilé kan á pè wá, ilé kejì á bínú pé àwọn kọ́ la kọ́kọ́ lọ bá. Kérésìmesì ńkọ́, Iléyá ńkọ́, a kì í sinmi.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Nígbà àkọ́kọ́ tí a gbé e lọ sí Kpankou, ẹnu ń lọ lójú aṣọ, a kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́tà ń jáde, kò sẹ́ni tó lè kà á. Bàbá àgbà kan yíjú sí wa, ó ní, "Àwọn èèyàn yìí, ta ló gé wọn láhọ́n?" Ará bẹ̀rẹ̀ sí dìde, wọ́n ń gbọn ẹní wọn. Ni ọmọbìnrin kan bá jáde síwájú, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Ó hú ikọ́, ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó ní, "Ojú yín dà?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn, "Ojú wa rèé!" Ó ní, "Ọkùnrin tí ẹ ń wò yìí, gbèsè ìyàwó ló jẹ tó fi gba ojú omi lọ." Kò mọ̀ ọ́n rí. Kò rí fíìmù rí láyé. Ohun tó rí ló ń sọ, èyí tí kò rí, ó ń fi ọgbọ́n dí i. Gbogbo wọn padà jókòó. Abẹ̀ní lorúkọ rẹ̀. Kí iṣu tuntun míì tó jáde, Akàmbí ti gbé e níyàwó, ahọ́n sinimá wa sì ti dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Ohùn Abẹ̀ní kì í ṣe ohùn dídùn bíi ti olórin. Ó nípọn díẹ̀, ó sì máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fa okùn kànga. Bó bá fà á báyìí, n kì í mọ ìgbà tí ọwọ́ mi máa ń dúró lára ẹ̀rọ.

Fíìmù kan wà tí a sọ ní Obìnrin Oníbaaka. Agolo méjì ni. Obìnrin kan wọ ṣòkòtò, ó gun ìbaaka, ó ń wá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí àwọn olè gbé gun orí òkè. Bó ṣe ń gòkè, ilẹ̀ ń funfun. Igi funfun, ọ̀nà funfun, orí ilé funfun. Kí ni Abẹ̀ní máa pe èyí fún àgbẹ̀ Kétu? Ó ní, "Ilẹ̀ olówùú ni wọ́n dé yìí." Háà! Àwọn tó lọ sóko òwú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló jókòó níbẹ̀. Inú bí wọn. Wọ́n ní irú ọ̀lẹ wo ló wà nílùú yìí, tí òwú là títí ó fi bo ọ̀nà, tí ó bo orí ilé, tí ẹnikẹ́ni kò jáde ká a? Obìnrin kan pariwo, "Ẹ ká òwú yín o!" Abẹ̀ní gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó fi ṣe lílé, ará sì ń gbè é. Láti ọjọ́ yẹn, níbikíbi tí a bá gbé Oníbaaka dé, bí ilẹ̀ bá ti funfun, gbogbo ìlú á máa bú àwọn ará òkè yẹn pé, "Ẹ ká òwú yín o!" Lónìí ẹ ti rí yìnyín nínú telé, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òwú. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kò bú ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí rẹ̀.

Ní Idigny ni ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀. Èrò pọ̀, ìdajì jókòó síwájú aṣọ, ìdajì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, nítorí àwòrán ń hàn níhà méjèèjì. Oníbaaka bu omi fún bàbá arúgbó kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn fi igbe ta: "Ọwọ́ òsì! Ó fi ọwọ́ òsì fún àgbà lómi!" Àwọn ti iwájú ní irọ́ ni, ọwọ́ ọ̀tún ló fi bù ú. Wọ́n ń pe ara wọn lópùrọ́ látìhà kan aṣọ dé ìkejì. Ìyá kan tó wà lẹ́yìn ní ọmọ òun ò ní wo obìnrin tí kò lẹ́kọ̀ọ́ yìí mọ́, ó fa ọmọ lápá. Abẹ̀ní ló dá a sílẹ̀. Ó gbé orí yọ sẹ́yìn aṣọ, ó ní kí wọ́n má bínú, ó ní ìbaaka ló bu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ lọ́nà. Wọ́n gbà. Wọ́n tún káàánú rẹ̀.

Wàyí o, Okpomèta. Ẹ fetí sí èyí, nítorí òun ni mo torí rẹ̀ pè yín.

Àwọn ará Okpomèta ní àṣà kan lórí àlọ́. Bí àlejò bá bẹ̀rẹ̀ àlọ́ lórí ilẹ̀ wọn, ó gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ níbẹ̀. Bí nǹkan bá dá a dúró, ó gbọ́dọ̀ fi ohun kan dógò, kó lè padà wá sọ ìyókù. Wọ́n ní àlọ́ tí a kò parí máa ń dààmú ọmọ lójú oorun. A gbé Oníbaaka lọ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Agolo kìíní lọ dáadáa, ó sì parí síbi tí obìnrin náà dé ẹnu afárá okùn, tí ìbaaka fi ẹsẹ̀ kan lé e, tó kọ̀ tí kò lọ mọ́. Kí n tó ki agolo kejì sẹ́rọ, òjò ti dé. Òjò yẹn kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aṣọ ya, gúrúpù wúkọ́, kò sì dìde mọ́. Bí a ṣe ń kó ẹrù sọ́kọ̀, ìyàwó ilé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Ìyá Bọ̀dé, na ọwọ́ sínú àpótí, ó mú agolo kejì, ó fi ìró rẹ̀ bò ó.

Akàmbí ní, "Ìyàwó, fíìmù mi nìyẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ ó padà wá sọ bí ìbaaka ṣe ṣe."

Abẹ̀ní rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo jẹ yín. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dè mí."

A kò padà. Kí oṣù yẹn tó tán, ibà dá Abẹ̀ní dùbúlẹ̀, kò dìde níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Àyọ̀ká, kò tíì rìn. Àbúrò Abẹ̀ní tó wà ní Kútọnu wá gbé ọmọ lọ. Akàmbí kò tan ẹ̀rọ mọ́ láyé rẹ̀. Ó ń wakọ̀, ó ń jẹun, ó ń kí èèyàn, ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ sinimá, á dìde lọ wẹ ọkọ̀ tó ti mọ́. Ó dùn mí gan-an. Èèyàn méjì ni mo pàdánù, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń bá mi jẹun.

Ìyá Akàmbí ló kó àwọn agolo. Ìyá àgbà yẹn fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ó mọ̀ pé ọjọ́ kan lè wà tó máa tún bèèrè wọn. Báwo la ṣe ń tọ́jú ohun tó níyì nílẹ̀ wa? Àgbàdo tí a máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, orí àjà lókè ààrò là ń kó o sí, kí èéfín lè máa lé kòkòrò. Ibẹ̀ náà ló kó fíìmù sí. Lójoojúmọ́ ló ń dáná lábẹ́ wọn. Bó bá rí èéfín tó ń gòkè, inú rẹ̀ á dùn pé ẹrù ọmọ òun ò lè jẹrà.

Akàmbí kú, ìyá rẹ̀ ti kú ṣáájú. Èmi di àgbà tí ẹ ń wò yìí. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí zẹmijàn níwájú ilé mi, irun rẹ̀ ti funfun díẹ̀, ó kúnlẹ̀. Àyọ̀ká ni. Ó ti ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí ní Kútọnu títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ́kùnrin kan bá a wá, Bọ́nìfásì, tíṣà ní Àjàṣẹ́, tó ń ṣa fíìmù àtijọ́ jọ láti ibi gbogbo láyé, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Mo wò ó, mo ní Akàmbí kò kú tán.

Àyọ̀ká ní, "Bàbá, ìyá mi kò ní fọ́tò kan. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ọmọ tí mo gbà sọ́wọ́, ohùn ìyá wọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Èmi ò mọ tèmi. Ẹ sọ fún mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀."

Mo gbìyànjú. Mo hú ikọ́, mo pàtẹ́wọ́, mo ní ojú yín dà. Ohùn àgbàlagbà ọkùnrin ló jáde. Àyọ̀ká ń mi orí, ó ń dúpẹ́, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé n kò fún un ní nǹkan kan.

A gun àjà ìyá Akàmbí. Bọ́nìfásì ń ṣí àwọn agolo náà bí ẹni ń ṣí ojú egbò. Òórùn ọtí kíkan gba ilé. Fíìmù ti ká jọ, ó ti lẹ̀ mọ́ra, ìwọ̀nba tó ku rún lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja gbígbẹ. Ó ní ooru ni fíìmù kò fẹ́. Ó ní ká ní ibi tútù ni wọ́n wà ni. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, mo sì fọwọ́ kàn án léjìká. Mo ní, "Ìyá tó ṣe é kò fi ìkà ṣe é."

Ìgbà náà ni mo rántí. Mo máa ń pàdé Ìyá Bọ̀dé lọ́jà Kétu nígbà kan rí, á sì máa sọ pé, "Ẹ ṣì jẹ wá ní ìbaaka kan o." A ó rẹ́rìn-ín, a ó ra tiwa. Mo ti rò pé wọ́n ti fi agolo náà bo ọbẹ̀.

A lọ sí Okpomèta. Ìyá Bọ̀dé jókòó sábẹ́ òrùlé, ojú rẹ̀ ti funfun, òjìji èèyàn nìkan ló ń rí. Mo dárúkọ ara mi. Kò kí mi. Ó ní, "Ẹ ti pẹ́ jù." Ó wá ní kí wọ́n wọ iyàrá lọ gbé ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn lẹ́bàá àmù omi. Agolo náà wà nínú rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi wé e.

Bọ́nìfásì ṣí i, ó fà á wò níwájú oòrùn. Kò lẹ̀, kò rún. Ó ní, "Ìyá, ta ló kọ́ yín láti gbé e síbi tútù?"

Ìyá Bọ̀dé ní, "Ta ló máa kọ́ mi? Ohun tèmi ni mo lè gbé sórí iná. Ohun ẹlòmíràn, mo ń ṣọ́ra."

Mo fẹ́ sọ bí ìbaaka ṣe ṣe fún un. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má sọ ọ́. Mo ti dúró débí."

Wọ́n fún wa ní iyàrá kan ní lékọ́ọ̀lù, ilé ẹ̀kọ́ wọn. A fi àpò àgbàdo dí fèrèsé, nítorí ọ̀sán gangan ni. Àwọn arúgbó tó rí agolo kìíní dé pẹ̀lú ọ̀pá wọn, àwọn ọmọ ọmọ wọn dé. Kí ẹ̀rọ tí Bọ́nìfásì gbé wá tó dún, wọ́n ti ń sọ apá kìíní fún àwọn èwe, wọ́n sì ń jiyàn bóyá ìbaaka náà dúdú ni tàbí ó pọ́n. Fíìmù yẹn kò sì ní ju dúdú àti funfun lọ. Ni mo bá gbọ́ tàkàtàkàtàkà. Ìbaaka náà nìyẹn, ẹsẹ̀ kan lórí afárá, gẹ́gẹ́ bí a ṣe fi í sílẹ̀.

Ìyá Bọ̀dé fa aṣọ mi. "Ojú mi ò gbé e. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ díẹ̀, eruku àpò wọ̀ mí lọ́fun, ikọ́ gbé mi. Mo ń wúkọ́ bíi gúrúpù, fíìmù ń lọ, Ìyá Bọ̀dé ń bẹ̀ mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀. Àyọ̀ká jókòó lápá kejì rẹ̀. Kò rí fíìmù náà rí. Ó hú ikọ́. Ó ní, "Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá. Ó di etí rẹ̀ mú. Ó ń bẹ̀ ẹ́. Ìbaaka ní òun ò lọ. Bó bá jẹ́ èmi náà, n kò ní lọ, okùn yẹn ti gbóoo."

Ó fa "gbó" yẹn bí ẹni tó ń fa okùn kànga.

Ọwọ́ Ìyá Bọ̀dé kúrò lára aṣọ mi, ó gbá Àyọ̀ká lọ́wọ́ mú. "Abẹ̀ní," ó wí. Kò ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Ó wí i bí ẹni tó rí ẹni tó ń retí. Ó kọjú sí ibi tí mo wà. "Ohùn rẹ̀ kọ́ nìyẹn?"

Mo ní, "Òun ni." Àyọ̀ká ti dákẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìyá Bọ̀dé gbọn ọwọ́ rẹ̀: "Má dákẹ́, ọmọ mi! Ìbaaka ńkọ́?"

Ló bá ń sọ ọ́ lọ, ó ń sunkún, ó ń sọ ọ́. Obìnrin náà fi ìbaaka sílẹ̀, ó dá kọjá. Ó rí àbúrò rẹ̀. Wọ́n jáde sórí ilẹ̀ funfun, àwọn arúgbó kò sì dúró de ẹnikẹ́ni: "Ẹ ká òwú yín o!" Òrùlé lékọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè, ta ló dúró dè wọ́n, tó ń jẹ koríko? Ìbaaka ti gba ọ̀nà tirẹ̀ wá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìyá Bọ̀dé pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé, ó ní, "Mo mọ̀! Mo ti mọ̀ pé kò ní kú síbẹ̀!"

Nígbà tí a ṣí fèrèsé, ó gbé agolo náà lé Àyọ̀ká lọ́wọ́. Ó ní, "Ó parí. Ìyá rẹ kò jẹ wá ní nǹkan kan mọ́."

Àyọ̀ká gbé agolo fún Bọ́nìfásì. Kò dìde. Ó hú ikọ́, ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó ní, "Ojú yín dà?"

Wọ́n ní, "Ojú wa rèé!"

Ó ní, "Obìnrin kan wà ní Kútọnu tí kò mọ ohùn ìyá rẹ̀. Ó wá a títí, ó dé ilé ìyá arúgbó kan tí kò ríran. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní…"

Gbogbo iyàrá ń retí. Ó wo ìta, níbi tí oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń ta, tí kùrukùru kan kò sí lójú ọ̀run.

"Òjò ti ṣú," ó wí. "Màá padà wá sọ ìyókù." Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi lé Ìyá Bọ̀dé lẹ́sẹ̀.

Ìyá Bọ̀dé fọwọ́ tọ́ gèlè náà wò láti etí kan dé èkejì. Ó ká a. Ó ní kí wọ́n fa òun dìde, kí wọ́n mú òun dé ìdí ìkòkò.